Ẹ Pààrọ̀ Ẹnu

Gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ló ń bi mí níbi tí mo ti ń rí ìtàn tí mò ń sọ lórí rédíò, bíi pé ìsọ̀ kan wà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n tà. Ilé wa ni. Ẹni tó bá ní irú ìyá tí mo ní, tó tún wá ní irú ẹ̀gbọ́n tí mo ní, tí kò bá rí ìtàn sọ, ọ̀lẹ ni.

Màámi ló lọ kí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí, tí wọ́n ṣi ilé wọ̀. Wọ́n bá àwọn onílé nídìí oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n jókòó sáàárín wọn, wọ́n sì bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀. Àmọ́ ẹkún yẹn pọ̀ débi pé baálé ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó rẹ̀ sì gbé ṣíbí sílẹ̀, òun náà ń sunkún. Bọ̀dá mi tó jẹ́ alápatà ńkọ́? Ó gé ẹran fún oníbàárà, ó di aago ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn, obìnrin náà gbé e délé, ó sì sè é.

Méjèèjì ni mo sọ lórí rédíò. Ìgboro rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wọ́n bí ẹni jẹ àjẹyó. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ẹran lọ́wọ́ Bọ̀dá á kọ́kọ́ bi í pé aago mélòó ló lù nínú ẹran yìí. Ó ní mo ti sọ òun di ẹni yẹ̀yẹ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Inú bí èmi náà. Kí ni mo sọ tí kò ṣẹlẹ̀? Bọ̀dá ni mò ń pè é lóòótọ́, àmọ́ mi ò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí, kò jù mí lọ tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe fajú ro, bẹ́ẹ̀ lèmi náà fa tèmi ro. Màámi ló wà láàárín wa. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, kí n tó mọ ọ̀nà ilé iṣẹ́ rédíò kankan. Wọ́n á ní, "Asọ̀rọ̀mágbèsì, lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ." Mi ò lọ.

Bí àárín wa ṣe rí nìyẹn nígbà tí ẹsẹ̀ Màámi bẹ̀rẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ti ń bá wọn fínra tipẹ́. Bàtà ló kọ́kọ́ bó wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fi egbò náà pamọ́ fún wa. Wọ́n ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i, wọ́n ń da lọ́fínńdà sí ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ń sọ fún wa pé ìgbà tí èèyàn bá dàgbà ló yẹ kó máa ṣoge. Ìgbà tí òórùn ọ̀hún borí lọ́fínńdà ni mo fipá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà. Mi ò ní sọ ohun tí mo rí.

Ohun tó gbé wa dé wọ́ọ̀dù obìnrin lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn. Dókítà, ọmọbìnrin kékeré kan tí kì í gbé ohùn sókè, dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì, kò fepo bọyọ̀.

"Màmá, láti ọrùn ẹsẹ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ yìí ti kú. Oró rẹ̀ sì ti ń gòkè. Tí ẹ bá gbà kí a gé e lónìí, abẹ́ orúnkún la máa gé e, ẹ ó sì máa bá àwọn ọmọ yín ṣeré. Tó bá fi di ọ̀la, mi ò lè ṣèlérí orúnkún, mi ò sì lè ṣèlérí ẹ̀mí."

"Mo gbọ́," Màámi dáhùn. "Rárá."

Wọ́n kọjú sí ògiri. Dókítà ní ọpọlọ wọn jí pépé, bí wọn ò bá fẹnu ara wọn gbà, òun ò lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní yàrá iṣẹ́ abẹ ṣí sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Ó lọ.

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò wọlé, mo gbé àwàdà dé, torí òun nìkan ni irinṣẹ́ tí mo ní. Mo ní bàtà ẹyọ kan ṣoṣo la ó máa rà báyìí. Wọ́n ní, "Má fi ẹsẹ̀ mi ṣàwàdà." Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ bà mí lẹ́rù ju ẹsẹ̀ náà lọ. Màámi ò kọ àwàdà rí.

Ibi tí mo dúró sí tí mo ń wo ẹ̀yìn orí wọn ni Bọ̀dá ti wọlé. Ìsọ̀ rẹ̀ ló ti ń bọ̀ tààrà, tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì fa aṣọ bo ẹsẹ̀ tirẹ̀ kíá. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Bọ̀dá láìwo ojú rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó wo Màámi, ó wo ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì.

"Wọ́n ti ní rárá," ó ní. "Fi wọ́n sílẹ̀."

"Kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n kú?"

"Ẹsẹ̀ wọn ni."

"Ìyá mi ni."

"Ìyá tìẹ nìkan ni?"

Ẹnu wa ròkè. Mo sọ fún un pé aláìláàánú ni, pé ẹran tó ń rí lójoojúmọ́ ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ kú. Ó ní ohun tí mo máa sọ lórí rédíò lọ́sẹ̀ yìí ni mò ń wá kiri. Èyí dùn mí wọra. Mo sọ̀rọ̀ tí kò ṣeé tún sọ, òun náà fún mi lésì. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó ní kí àwa méjèèjì jáde. Kí a tó dá a lóhùn, ohùn kan jáde láti ibi ògiri.

"Ẹ pààrọ̀ ẹnu."

Nọ́ọ̀sì ò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Àwa mọ̀ ọ́n.

Onígbàjámọ̀ ni Bàbá wa nígbà ayé wọn. Ìjà ò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù irun. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, àmọ́ Bàbá ní gbígbọ́ tẹnu ẹni méjì gan-an ò tó, torí oníkálukú á ti fọ tirẹ̀ mọ́ kó tó gbé e wá. Wọ́n bá dá òfin kan sílẹ̀. Bí ẹni méjì bá ń jà, ọ̀kan á jókòó sórí àga, á fi ẹnu ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Á máa ní "èmi, èmi", ẹnì kejì ló sì ń jẹ́. Bó bá sọ ọ́ tán, ẹni tó ni ẹnu á ní, "Ẹnu mi nìyẹn," tàbí kó ní, "Ẹnu mi kọ́." Bó bá jẹ́ ẹnu mi kọ́, ó di dandan kí ẹni orí àga tún un sọ. Bàbá á máa gẹrun lọ ní tiwọn. Nínú ilé, èmi ni mo ń jà jù, nítorí náà èmi ni mo mọ ẹnu gbogbo èèyàn jù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Látìgbà tí Bàbá ti kú, kò sẹ́ni tó dán an wò mọ́.

Àga ike kan wà létí bẹ́ẹ̀dì. Bọ̀dá wò mí, mo wò ó. Òun ni àgbà, òun ló kọ́kọ́ jókòó.

"Èmi," ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í yá Bọ̀dá lẹ́nu. "Èmi ni mo mọ nǹkan gbogbo. Kí dókítà tó lanu ni mo ti mọ̀ ọ́n." Obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mò ń pariwo nítorí pé bí mo bá dákẹ́ báyìí, ẹkún ló máa jáde, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i."

Mo fẹ́ sọ pé ẹnu mi kọ́.

"Ẹnu mi nìyẹn," mo ní.

Ó dìde, mo jókòó. Mo gbé ohùn rẹ̀ wọ̀, ohùn wúwo yẹn tó ń ti inú ikùn bọ̀. "Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹran ni mò ń gé. Màámi ní rárá, rárá náà ni." Èjìká Màámi mì díẹ̀ níbi ògiri. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ìrora.

"Ẹnu mi kọ́," Bọ̀dá ní.

"Èmi, inú ń bí mi sí àbúrò mi. Ohunkóhun tó bá ti sọ, òdì kejì rẹ̀ ni màá sọ."

"Ẹnu mi kọ́."

Oòrùn ti ń yẹ̀ kúrò lójú fèrèsé. Ara mi ń gbóná, ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé kò ní ẹnu kankan. Mo wá rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ti kó méjèèjì sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi wọ́n pamọ́ kí Màámi má bàa rí wọn bí wọ́n bá yíjú. Àwàdà kú sí mi lẹ́nu.

"Èmi," mo ní, mi ò gbé ohùn rẹ̀ wọ̀ mọ́, "ojoojúmọ́ ni mò ń fi ayùn gé egungun. Mo mọ bó ṣe ń dún. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ èèyàn nígbà tó bá já. Bí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ lásán ni àwọn yòókù ń gbọ́. Ayùn ni èmi ń gbọ́. Mi ò lè gbà kí wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀ ìyá mi."

Nígbà tí Bọ̀dá wá sọ pé ẹnu òun nìyẹn, agbára káká ni mo fi gbọ́ ọ.

"Ó ti tán," Màámi ní. "Ẹ ti parí ìjà yín. Ẹ máa lọ sílé."

"Kò tíì tán," mo ní. "Ẹ̀yin náà wà nínú ìjà yìí, a ò sì tíì gbọ́ ẹnu yín."

Wọn ò ní kí n má ṣe é. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ta ló mọ ẹnu Màámi tó mi? Ohùn wọn ni mo fi ń jẹun. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí máa ń fi ohùn Màámi kí mi lójú títì.

"Èmi, ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè má jí mọ́."

"Ẹnu mi kọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sùn láìmọ̀ bóyá màá jí."

"Èmi, mi ò fẹ́ di ẹrù sí àwọn ọmọ mi lọ́rùn."

"Ẹnu mi kọ́. Bí ẹ ò bá rù mí, ta lẹ fẹ́ rù?"

"Èmi, ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Kí ni ẹsẹ̀ mi ṣe fún wọn?"

Wọ́n rò ó wò. "Ó dùn létí. Ẹnu mi kọ́."

Mo sọ òmíràn, mo sọ òmíràn. Ìtìjú, ọjọ́ orí, Bàbá tó ti lọ, ilé tó ní àtẹ̀gùn. Ẹnu mi kọ́, ẹnu mi kọ́. Àwàdà tó wà nínú rẹ̀ ti tán pátápátá, òógùn ń já lójú mi. Ilẹ̀kùn ṣí, dókítà yọjú.

"Aláìsàn mìíràn ti dé. Bí Màmá bá gbà báyìí, àwọn ló ṣáájú. Bí wọn ò bá gbà, ẹni yẹn la máa gbé wọlé, mi ò sì mọ ìgbà tí yàrá náà máa tún ṣí."

Màámi ò yíjú. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí wọ́n ṣe máa kú nìyí, níṣojú mi, tí èmi tí mo ń fi ẹnu wọn ṣiṣẹ́ ò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn.

Bọ̀dá ò ní kí n dìde. Níbi tó dúró sí ló ti sọ ọ́.

"Èmi, mi ò fẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ mi lórí rédíò."

Màámi yí orí kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀, wọ́n wo ọmọkùnrin wọn.

"Ẹnu mi nìyẹn."

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ó dùn mí débi pé ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi, àwíjàre ni. "Màámi, ẹ̀yin náà lẹ máa ń rẹ́rìn-ín jù. Ti ilé tí ẹ ṣì wọ̀ yẹn, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín."

"Kí ni kí n ṣe? Wọ́n ń dá mi dúró lójú títì, wọ́n ń bi mí pé, 'Ìyá, ta ló kú lónìí?' Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo bá wọn rín in." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Asọ̀rọ̀mágbèsì, o ò bi mí rí nípa ọjọ́ yẹn. Bàbá yín ò tíì pẹ́ tí wọ́n kú nígbà náà. Gbogbo yín ti gbà pé mo gbójú. Mi ò ráyè sunkún nínú ilé, torí bí mo bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwọ á ti gbé àwàdà dé. Kí n tó jókòó sílé àwọn èèyàn yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo ṣi ilé wọ̀. Àmọ́ ẹkún ti bẹ̀rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀. Mo ní kí n kúkú sun ún tán."

Ìtàn yẹn, mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ ibi tí mo ti máa ń dánu dúró kí wọ́n lè rín in dáadáa. Mi ò mọ ìtàn náà rárá.

"Mi ò ní sọ ọ́," mo ní. "Mo búra, mi ò ní sọ ti ẹsẹ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni."

"Irọ́ ni," Bọ̀dá àti Màámi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Irọ́ ni lóòótọ́. Mo mọ ara mi. Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀yin ni kí ẹ wá sọ ọ́ nígbà náà. Màá gbé yín dé ilé iṣẹ́ rédíò, màá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí yín lẹ́nu, màá pa ẹnu tèmi dé. Ẹsẹ̀ yín ni, ìtàn yín ni."

"Bó bá wù mí kí n purọ́ sí i ńkọ́?"

"Ẹ pa á bó ṣe wù yín."

"O ò ní já lu ọ̀rọ̀ mi?"

"Mi ò ní já lù ú."

Wọ́n yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Dókítà ṣì di ilẹ̀kùn mú.

"Dókítà," Màámi ní, "aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn, ẹ sọ fún un pé èmi ló kàn."

Màámi fi ọwọ́ ara wọn buwọ́ lùwé, àwọn nọ́ọ̀sì sì gbé wọn lọ. A ń tẹ̀ lé wọn lọ ní ọ̀nà tóóró yẹn nígbà tí nọ́ọ̀sì kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó gbé àwo irin tí wọ́n fi aṣọ bò. Irin kan lu ìkejì lábẹ́ aṣọ náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ̀dá mi, alápatà tó ń gbé ìdajì màlúù lé èjìká, ṣubú lulẹ̀ gbì. Gbogbo ọkùnrin tó wà nítòsí ló para pọ̀ gbé e, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tí Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì bi mí pé ṣé wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí náà ni. Mo di ọwọ́ Bọ̀dá mú. Mo rí ohun ẹ̀rín tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, mi ò lè rín in. Ohun tí mo ń gbọ́ ni ayùn.

Wọ́n ti tan iná ọ̀nà tóóró nígbà tí dókítà jáde. Ó ní Màámi ti jí, wọ́n sì ń béèrè bóyá a tún ti ń pariwo.

Màámi kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ó yá, kí n gbé àwọn lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Mo gbé ẹ̀rọ sí wọn lẹ́nu, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo panu mọ́. Ẹ ò rí irọ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló dìde tó ní ó dìgbóṣe, àwọn sì ní kó má gbàgbé bàtà rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ lẹ́yìn gíláàsì di ara wọn mú. Wọ́n wá ní ọmọbìnrin àwọn tó lẹ́nu bí nǹkan míì, òun ló gbọ́ tí irin dún, tó ṣubú gbì, tí gbogbo ọkùnrin ilé ìwòsàn fi wá gbé e. Mo lanu. Wọ́n gbé ìka kan sókè. Mo pa á dé. Wọn ò dárúkọ Bọ̀dá títí wọ́n fi parí.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Alápatà tó dákú nítorí ìró irin, àwọn oníbàárà ò ní jẹ́ kó gbádùn títí ayé. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ inú bí mi. Kò sí ibi tí mo gbà tí àwọn èèyàn ò ti dá mi dúró. Ẹnì kan á gbé àga fún mi kí n tó ṣubú, ẹnì kan á bi mí bóyá ilẹ̀ ò dùn mí. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo bá délé, màá jókòó, eyín mi á ti gbẹ. Mo wá ń rántí Màámi àti ìbéèrè wọn yẹn, pé ta ló kú lónìí.

Ọjọ́ kan mo lọ ra ẹran. Èèyàn pọ̀ nídìí ìsọ̀ Bọ̀dá, obìnrin kan tó wà níwájú ò sì rí mi.

"Alápatà," ó ń wí, "àbúrò rẹ yẹn, ẹnu lásán ni. Irin dún, ó ti dákú."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Egungun ni Bọ̀dá ń gé. Ó dá ayùn dúró, ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tèmi. Mo mi orí sí i pé kó fi í sílẹ̀. Ó gbé ayùn kalẹ̀.

"Èmi ni," ó ní.

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ṣubú. Òun kọ́. Ọwọ́ mi ló dì mú."

Ó sì sọ ọ́. Kò mọ̀ ọ́n sọ. Ìparí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó padà lọ wá àwo irin, ó gbàgbé ẹni tó gbé e, ó dúró, ó nu ojú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Nígbà tí mo lajú, mo rí i pé bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ni mo wà. Mo yára ka ẹsẹ̀ mi."

Ẹ̀rín bú. Obìnrin tó wà níwájú fi orí lé tábìlì ẹran, èjìká rẹ̀ ń mì. Ojú Bọ̀dá kọ́kọ́ là sílẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe. Lẹ́yìn náà òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó wò mí láti òkè orí wọn. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé ó fo obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì. Mi ò sọ ọ́.

"Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn," mo ní, mo sì lọ tò sẹ́yìn wọn.